Ìdajì Oògùn Tanímọ̀la

"Méjìlélógójì," ni Mátírọ́ọ̀nù Leah Akínpẹ̀lú wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ gba ohun tí aago ọwọ́ rẹ̀ ń sọ gbọ́. Ajá rẹ̀ sùn gbalaja sórí tìmùtìmù lábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Bí ìhà rẹ̀ bá ròkè tó tún rọlẹ̀, èémí kan nìyẹn. Dókítà ajá tó wà ní Ọ̀yọ́ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kéèyàn dúró kí ajá sùn dáadáa, kó wá máa ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá ti kọjá ọgbọ̀n, kò séwu. Tó bá ti kọjá ọgbọ̀n, omi ti ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn, ọkàn ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì tó kà á, ó bá mẹ́tàlélógójì.

Ó pe Àbíkẹ́ láti ilé ìdáná. Opó ni Àbíkẹ́, ọmọ Ìkòyí-Ilé, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti di ọdún mẹ́rin tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí lẹ́bàá Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rọra ń bọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ògiri bọ̀. Mátírọ́ọ̀nù bi í bóyá ó fún ajá lóògùn láàárọ̀.

"Mo fún un, Màmá. Inú ẹja ni mo fi í sí, ó sì gbé e mì níṣojú mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ó gbé e mì, Màmá."

Ìdáhùn yẹn kì í ṣe ti ìbéèrè tí wọ́n bi í, ṣùgbọ́n ara ajá ni ojú Mátírọ́ọ̀nù wà, kò fọkàn sí i. Ó ní kí Àbíkẹ́ lọ múra, kó sì pe Israfil awakọ̀, Ọ̀yọ́ yá.

Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn ajá yìí lè máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Olóògbé Akínpẹ̀lú, ọkọ Mátírọ́ọ̀nù, ló mú un wálé ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Olùkọ́ ni bàbá náà. Ọdún tí wọ́n fò ó dá, tí wọ́n gbé ipò ọ̀gá ilé-ìwé fún ẹni tó kéré sí i lẹ́nu iṣẹ́, ló ra ajá, ó sì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, kí ọ̀gá tuntun náà, tí ọgbà kan ṣoṣo pín ilé wọn níyà, lè máa gbọ́ ọ. Láràárọ̀ ni bàbá á lọ dúró ti ọgbà, á kọjú sí ilé onílé, á máa fi ohùn òkè pe ajá tó jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Báyìí làwọn bàbá wa ṣe ń fi orúkọ ajá bá ọ̀tá wí, kò sì sẹ́ni tó lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé-ìwé kó lọ sí Ìbàdàn, olùkọ́ kú, ìjà tán, ajá ló kù. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlá.

Ajá ọdún mẹ́rìnlá, ẹ lọ wá a ní Ògbómọ̀ṣọ́ kẹ́ ẹ wò ó. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í rí ọdún keje: mọ́tò á gbá òmíràn, òmíràn á jẹ májèlé tí wọ́n dẹ fún èkúté, aràn á jẹ ìfun òmíràn, ọdún Ògún á sì ká òmíràn mọ́lé. Ti Tanímọ̀la yàtọ̀, nítorí pé Mátírọ́ọ̀nù kọ ètò ìtọ́jú rẹ̀ sórí páálí, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, bó ṣe máa ń kọ iṣẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù láyé ọjọ́un. Ìrẹsì àti ẹja bíbọ̀, kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, kò gbọdọ̀ sí màgí. Kò gbọdọ̀ jẹ egungun adìẹ. Kí wọ́n fọ eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa wá eégbọn lára rẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n mú un rìn yíká àdúgbò kí oòrùn tó mú. Oògùn aràn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Àbíkẹ́ kò mọ̀wé kà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Mátírọ́ọ̀nù kà á sí i létí, láti ọdún mẹ́rin sì ni kò tíì gbàgbé ẹyọ kan níbẹ̀.

Bí ìyá náà bá ń lọ lọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń sin ajá a máa dá a dúró, wọ́n á ní Màmá, kí lẹ fi ń bọ́ ọ. Inú rẹ̀ a máa dùn. "Ajá kì í ṣàdédé kú," ló máa ń sọ fún wọn. "Àìbìkítà ẹni tó ni ín ló ń pa á. Ẹ máa fọwọ́ kàn án. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ fetí sí mímí rẹ̀. Ara kì í parọ́."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ìyìn ọjà ló ṣe ń sáré lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yẹolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánádà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, orí fóònù ló ti wo ìsìnkú. Láti ìgbà náà, tó bá ti pe ìyá rẹ̀, ajá ni yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé sójú fóònù, nítorí pé ajá náà nìkan ló kù tó mọ ohùn bàbá rẹ̀ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún Kérésìmesì. "Mọ́mì, ẹ ṣáà bá mi dá a dúró dìgbà náà," ló wí. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n wà yìí.

Israfil tan ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù sílẹ̀ nínú mọ́tò nítorí ajá. Mátírọ́ọ̀nù jókòó níwájú, Àbíkẹ́ wà lẹ́yìn, orí Tanímọ̀la wà lórí itan rẹ̀. Kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́, Àbíkẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró kóun tọ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú kọjá etí sálúbàtà. Mátírọ́ọ̀nù rí i. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó rí i kedere, bó ṣe rí i lóṣù tó kọjá nígbà tí Àbíkẹ́ fi hàn án, tó ní òun kì í lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Nígbà náà, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó máa gbé ẹsẹ̀ sókè tó bá jókòó, òun á fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Inú dúrọ́ọ̀ ni ẹ̀rọ náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ajá, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di ọjọ́ yìí. Ohun tó sọ lẹ́bàá títì ni pé kó ṣe kíá, ooru ò dára fún Tanímọ̀la.

Dókítà Josiah, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, gbé okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé ajá lára, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó gún un lábẹ́rẹ́ tó máa fa omi jáde. Lẹ́yìn náà ó yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó mi orí.

"Mà, ìwọ̀n oògùn tí mo kọ yìí, ó yẹ kó ti gbé e. Àfi tí kò bá ń jẹ ẹ́ pé. Ta ní ń fún un?"

Mátírọ́ọ̀nù yíjú sí Àbíkẹ́ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àbíkẹ́ ń wo ilẹ̀.

Dókítà kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà, ó fi àwàdà bò ó. Ó ní kì í kúkú ṣe oògùn ajá ní pàtó, oògùn èèyàn náà ni, kẹ́míìsì kan náà ni tajá tèèyàn ti ń rà á. Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń fún àwọn tí ọkàn wọn ò dára ní oògùn yẹn nígbà tí wọn ò tíì bí Dókítà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé Bíbélì sórí itan ní pálọ̀ bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ tí ìkòkò dún, ó bọ́ bàtà, ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó lọ dúró ti fèrèsé ilé ìdáná. Àgbàlagbà ń yọ́ kẹ́lẹ́ nínú ilé ara rẹ̀. Àbíkẹ́ ń yọ egungun kúrò lára ẹja, ó fi ìka wá inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀kankan má bàa ṣẹ́ kù. Ó gbé hóró oògùn kan sórí àwo, ó fi ọ̀bẹ gé e sí méjì, ó sì tẹ ìdajì kan bọ inú ẹja. Ìdajì kejì ló gbé sórí ahọ́n. Ó bu omi mu, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó dijú, ó ń dúró kí nǹkan náà ṣiṣẹ́.

"Kí lo fi sẹ́nu yẹn?"

Àbíkẹ́ kò sá, kò sì sẹ́. Ó di etí tábìlì mú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kanlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ forí jì mí."

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Nínú oṣù kẹfà, ìjọ gbé àwọn dókítà wá láti yẹ àwọn aráàdúgbò wò lọ́fẹ̀ẹ́. Mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ló ṣètò àga lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Àbíkẹ́ ń ru, ọkàn rẹ̀ sì ti ń rẹ̀, wọ́n kọ oògùn sínú ìwé fún un. Àyẹ̀wò nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tí wọ́n tún rán an lọ ra oògùn Tanímọ̀la, ó mú ìwé méjèèjì dání lọ sí kẹ́míìsì. Bushrah, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, wo ti ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ti ọwọ́ òsì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, oògùn kan náà lẹ̀yin àti ajá yín ń lò." Àbíkẹ́ ra ti ajá, ó ká ìwé tirẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ, ó gba ilé lọ, nítorí pé owó oṣù rẹ̀ kò lè ra oògùn náà kó tún ra gaàrí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń jókòó sùn. Ìgbà tó rí i pé òun lè kú sórí àga lọ́jọ́ kan, ó kọ́kọ́ gé ìdá kan nínú mẹ́rin lára ti ajá, nígbà tó yá ó gé ìdajì.

"Mo rò ó pé ajá kéré, Màmá. Mo ní ìdajì á tó o."

"Ṣé o ò lẹ́nu ni? Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ."

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èyí ò dákẹ́, ara rẹ̀ kò sì rí olùrànlọ́wọ́. Òótọ́ ló sọ, Mátírọ́ọ̀nù sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ojú rẹ̀ gbóná, etí rẹ̀ gbóná. Ìtìjú tí kò bá ríbi sá sí, ìbínú ló máa ń dà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lóhùn tí aládùúgbò lè gbọ́. Ó ní ẹran tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni Àbíkẹ́ ń jà lólè. Ó ní bí ajá bá kú kí Ẹ̀yẹolúwa tó dé, Àbíkẹ́ ló pa á. Ó ní kó kó ẹrù rẹ̀.

Àbíkẹ́ kò jiyàn. Kó tó lọ di ẹrù, ó gbé oúnjẹ ajá fún un, ó dúró tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán, ó fọ àwo náà, ó sì dà á dé sórí pákó. Israfil ló fi mọ́tò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ìkòyí-Ilé, nítorí pé Mátírọ́ọ̀nù kì í ṣe ìkà, kò ní jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Gbogbo ohun tó tọ́ sí obìnrin náà ló kó fún un. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ròyìn fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ pé ẹni tó ń bá òun ṣiṣẹ́ ń jí oògùn Tanímọ̀la. Wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ní ọmọ aráyé, wọ́n bi í bóyá ara ajá ti yá. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí èèyàn lè máa fi oògùn ọkàn ṣe. Òun náà kò sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, fúnra rẹ̀ ló ń fún ajá lóògùn, odindi láàárọ̀, odindi nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà, èémí ajá wálẹ̀ sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó dìde lórí tìmùtìmù, ó lọ gbó ewúrẹ́ kan lẹ́nu géètì bí ẹni tí kò dùbúlẹ̀ rí. Inú ìyá náà dùn débi pé ó pe Kánádà kí Kánádà tó pè é.

Ẹ̀yẹolúwa sunkún ayọ̀. Ó ń pe ajá ṣáá, ajá ń wá ohùn náà kiri lẹ́yìn fóònù. Lẹ́yìn náà ó béèrè Àǹtí Àbíkẹ́.

"Ó ti lọ sílé wọn," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ó ń jí oògùn."

"Oògùn ta ni?"

"Ti Tanímọ̀la. Ìdajì ló ń fún un."

"Kí ló wá ń fi ìdajì tó kù ṣe, Mọ́mì? Ṣé ó ń tà á ni?"

Ì bá ti rọrùn tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá náà kì í purọ́ fọ́mọ rẹ̀, kò sì mọ bí òun ṣe lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. "Ó ń jẹ ẹ́," ló wí.

Ohùn Ẹ̀yẹolúwa rọ̀, ohùn ẹni tó ń bẹ̀rù ìdáhùn ni. "Mọ́mì, ṣé ara Àǹtí ò yá ni?"

Ìyá rẹ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, òun ò gbọ́ ọ mọ́. Ó pa fóònù, ó gbé e dojú bolẹ̀ sórí tábìlì.

Ogójì ọdún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ní gbogbo ọdún náà, kí aláìsàn tó la ẹnu, ó ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti mọ̀ bóyá ojú ibẹ̀ á jìn. Ọdún mẹ́rin gbáko sì ni ẹsẹ̀ Àbíkẹ́ fi ń lọ tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Ojú tì í níbi tó jókòó sí, òun nìkan, láìsí ẹni tó ń wò ó, irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ sì le ju ti ojú ọjà lọ. Ó pinnu pé òun á lọ sí Ìkòyí-Ilé. Ṣùgbọ́n ìkórè ìjọ wọlé. Lẹ́yìn ìkórè, ó ní kí òjò dá díẹ̀. Nígbà tí òjò dá, ó ní kóun kọ́kọ́ gbé ajá lọ fún àyẹ̀wò ní Ọ̀yọ́, Dókítà Josiah sì yìn ín, ó ní bó ṣe ń ṣe é yìí, ajá á rí Kérésìmesì, á tún rí Àjíǹde. Ẹni tójú ń tì kì í wá àwáwí tì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá, Israfil wá sílé láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Kò jókòó. Ó ní ọmọ iṣẹ́ òun kan tó ń ná ọ̀nà Ìkòyí-Ilé ló mú ọ̀rọ̀ wá, pé Àbíkẹ́ ṣubú lọ́nà oko, apá kan ara rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ yà ní kẹ́míìsì. Mátírọ́ọ̀nù ní kí wọ́n fún òun ní páálí mẹ́ta, Bushrah sì bi í bóyá ti ajá ni. Ó ní, "Rárá. Ti Àbíkẹ́ ni." Inú ọmọ náà dùn. Ó ní àwọn ò tíì rí i kó wá ra tirẹ̀ rí, òun tiẹ̀ ti ń rò ó pé Ọlọ́run ti wò ó sàn.

Nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ni wọ́n ti bá a ní Ìkòyí-Ilé. Àwọn ará ilé ti kó ìrọ̀rí àti àpò àgbàdo tì í lẹ́yìn, nítorí pé kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbé síbẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ jáde nínú báàgì, ó wé e mọ́ ọn lápá, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ìgbà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà tó jáde ga débi pé kò lè kà á sókè. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó sì ká a padà.

Àyọ̀kẹ́, àbúrò Àbíkẹ́, ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìyá àgbà méjì wọlé tẹ̀ lé e, Israfil sì dúró ti fírémù ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ ṣé o," ni Àyọ̀kẹ́ wí. "A ò mọ bí a ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Mátírọ́ọ̀nù kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń bú òun ni. Ó wo ojú obìnrin náà dáadáa, kò rí èébú kankan níbẹ̀.

"Kí ẹnu rẹ̀ tó wọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wa," ni Àyọ̀kẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ó ní àìsàn yìí ti wà lára òun tipẹ́, oògùn yín ló jẹ́ kóun ṣì máa mí. Ó ní láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, nínú ilé yín lòun ti ń lò ó. Nígbà tí oògùn ò tó mọ́ lẹ wá ní kóun wálé wá sinmi. A bi í pé ṣé ẹ bínú sí i ni, ó ní rárá, ẹ ní kí mọ́tò yín gbé òun."

Mátírọ́ọ̀nù yíjú sí Àbíkẹ́. Àbíkẹ́ ń wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, ó pẹ́ kó tó rí i.

"Ṣó... ń jẹun?"

Àyọ̀kẹ́ ní ohun tó ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń béèrè, àfi bó bá jẹ́ ọmọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ó ń jẹun," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ó ń jẹun dáadáa."

Àbíkẹ́ dijú. Ó dà bíi pé ìyẹn nìkan ló ń dúró gbọ́.

Mátírọ́ọ̀nù kó páálí oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Kí ó tó sọ bí wọ́n á ṣe máa lò ó, Àyọ̀kẹ́ ti gbé ọ̀kan sókè fún àwọn ìyá àgbà wò. Ó ní ẹ ò rí i, oògùn náà nìyí, ó tún ti kó o wá. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Kì í ṣe èmi ni mo..."

Wọn ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n mọ̀, ẹni rere kì í fẹ́ kí wọ́n yin òun lójú ara òun. Wọ́n ní kó má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Ó wo Israfil, ẹni tó gbé Àbíkẹ́ lọ wọkọ̀, tó sì mọ ìdí rẹ̀. Israfil ń wo kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun Mátírọ́ọ̀nù, ì bá sì jáde bó bá ti tì í díẹ̀ sí i. Ó gbé e mì.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ìyá náà na ọwọ́ méjèèjì sí i lórí.

"Ọlọ́run á dá yín sí fún wa," ló wí. "Ẹ ó pẹ́, ẹ ó gbó. Lọ́jọ́ tí ara tiyín náà bá rẹ̀, tí ẹ ò lè dá dìde mọ́, bí ẹ ṣe tọ́jú Àbíkẹ́ gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ yín á ṣe tọ́jú yín."

Gbogbo yàrá ṣe Àmín. Wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ń wò ó, nítorí pé tirẹ̀ ló kù, ẹni tí wọ́n bá sì ń ṣàdúrà fún kì í panu mọ́.

"Àmín," ni Mátírọ́ọ̀nù Leah Akínpẹ̀lú wí.

Ìyá àgbà náà dẹ etí sí i. Ó ní òun ò gbọ́ ọ, kó ṣe é sókè.

"Àmín," ló tún wí.